Kọ̀ǹpútà àti Fóònù Tó Ń Yọni Lẹ́nu: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì í Tán Nílẹ̀, àti Ìdáhùn Wọn

Ìbéèrè tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó díjú ló wà nísàlẹ̀. Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nítorí ohun tí ẹ kà níbí, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè tán. Bí ó bá jẹ́ laptop, bátìrì ni ẹ máa kọ́kọ́ tú kúrò lójú ihò rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣí i tán. Ẹ fọwọ́ kan irin tí kò ní ọ̀dà lára kí ẹ tó mú nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mi ń fà bí ìgbín. Ṣé kí n fi RAM kún un ni, àbí kí n ra òmíràn?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ bọ́ sí Performance, kí ẹ wá máa ṣe iṣẹ́ tó sábà máa ń mú un fà. Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò tíì ju 20% lọ, dísìkì ló ń dá yín dúró. Bí Memory kì í bá kúrò lókè 85%, RAM ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí CPU bá kún, tí iye GHz rẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an sí iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ní, ooru ni ẹ kọ́kọ́ wò.

Kọ̀ǹpútà tó bá ṣì ń lo háàdì dísìkì tó ń yí, ìdáhùn wa kì í yí padà: SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kó kọ́kọ́ wọlé. Háàdì dísìkì lè ka 100 sí 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí fáìlì bá tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n bí fáìlì kéékèèké bá fọ́n káàkiri, iye yẹn lè má tó 2 MB. Bẹ́ẹ̀, fáìlì kéékèèké ni Windows ń ṣí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. SSD kò ní orí tó ń sáré lórí àwo kó tó rí fáìlì, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́jọ fi ń jí padà bí ẹ bá fi í sí i.

RAM mélòó ló tó?

Fún ìwé títẹ̀, fídíò wíwò àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ju táàbù mẹ́wàá lọ, 8 GB ṣì ń gbé e, ṣùgbọ́n ó ń mí hẹlẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan kó lò ó pẹ́, 16 GB ni kó rà. A ò rí ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fi 32 GB ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń to fídíò, tó ń ya àwòrán ilé, tàbí tó ń ṣí Linux, ètò mìíràn bíi Windows, nínú Windows.

Méjì tó jọra sàn ju ẹyọ kan lọ. 8 GB méjì ń yá ju 16 GB ẹyọ kan, pàápàá nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀, torí inú RAM yìí náà ni ẹ̀rọ àwòrán ti ń jẹun. Ẹ wo Settings, System, About kí ẹ tó sanwó: Windows 32-bit kì í lo ju 4 GB lọ. Bí ẹ bá kó 16 sínú rẹ̀, ìyókù á kàn jókòó ni.

Irú RAM wo ni kọ̀ǹpútà mi ń gbà?

DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í gba ipò ara wọn. Àlàfo kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ wúrà wọn kò sí lójú kan náà, nítorí náà bí RAM kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ti laptop, DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262. Ti orí tábìlì ló ń tan èèyàn jẹ: DDR4 àti DDR5 jọ ní 288, ojú àlàfo yẹn nìkan ló yà wọ́n.

Task Manager máa sọ iye ihò tó wà lábẹ́ Memory àti iye tó ti ní nǹkan nínú. Bí ẹ bá rí SODIMM níwájú Form factor, ó ṣeé yọ. Bí ẹ bá rí Row of chips, wọ́n ti jó o mọ́ motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ wà lórí, ẹ gbàgbé ẹ̀. MacBook tó ń lo M1, tó jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní ihò RAM rárá. Iye tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ máa lò dópin.

Ọ̀fìn kan wà nínú laptop àtijọ́. DDR3 lásán ń jẹ 1.5 V, DDR3L ń jẹ 1.35 V. Wọ́n jọra bí ìbejì, ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ laptop tó jáde láti 2013 kì í tàn bí ẹ bá fi ti 1.5 V sínú wọn. PC3L ni kí ẹ wá lára bébà rẹ̀, kì í ṣe PC3.

Mo fi RAM tuntun sí i, fáànù ń yí àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì wọlé tán ni. Nínú laptop, ẹ dà á sí gèrègèrè, ẹ tì í títí ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, ẹ wá tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ kí irin kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi gbá a mú, kẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń rí wúrà tó pọ̀ níta, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe. Ti orí tábìlì gba agbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun méjèèjì. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin tí RAM sì jẹ́ méjì, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ CPU ni wọ́n sábà máa ń wà.

Bí ó bá wọlé dáadáa tí kò tàn, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú ihò kan, ẹ tan án. Ẹ gbé e lọ sí ihò kejì, ẹ tan án. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dán ẹyọ kejì wò. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ wúrà tó bá ti dúdú, ẹ fi rọ́bà funfun tí wọ́n fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ rọra rìn ín, kí ẹ wá fi òwú tó mu isopropyl alcohol 90% nu èérún rẹ̀ kúrò.

DDR5 ní ìwà tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè wà nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan níbi tó ti ń dán ara rẹ̀ wò. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10. RAM tí kò ṣẹ̀ tí kò rò ni àwọn èèyàn ń dá padà fún ẹni tó tà á, nítorí pé wọ́n pa á ní àárín iṣẹ́ yìí.

Aago kọ̀ǹpútà mi ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọ iná.

Bátìrì kékeré orí motherboard ló kú. CR2032 ni, 3 V, ó rí roboto bí owó ẹyọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + kọjú sókè. Ti laptop sábà máa ń ní wáyà kékeré lára, ẹ ra èyí tó ti ní wáyà tán. Aago tó ṣìnà yìí náà ló ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì máa pariwo pé kò sí ààbò lórí ojúlé tó dára. Bátìrì tó kú tún lè dá BIOS, ètò tó ń jí kí Windows tó jí, padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí náà ẹ padà wo ètò tí ẹ ti yí níbẹ̀.

Fóònù mi kò gba iná mọ́, tàbí ó ń gbà á bí ẹni tí kò fẹ́.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò rẹ̀. Òwú àti eruku inú àpò ṣòkòtò máa ń kó síbẹ̀, orí wáyà á sì máa kì í mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi máa le bíi páálí. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: orí wáyà kò ní wọlé tán mọ́, á yọ díẹ̀ síta, á sì já bọ́ bí ẹ bá ti gbé fóònù. Ẹ pa fóònù, ẹ fi igi ìtayín tín-ín-rín ha á jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Ahọ́n tó wà láàárín ihò USB-C kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́.

Bí ihò bá mọ́, ẹ yá wáyà mìíràn dán an wò, lẹ́yìn náà orí ṣájà. Wáyà USB-C lásán ń gbé 3 A, ìyẹn 60 W bí iná bá jẹ́ 20 V. Wáyà tó máa gbé 100 W gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 5 A, tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú orí rẹ̀ tó ń sọ agbára rẹ̀ fún ṣájà. Ẹni tó ra ṣájà 100 W fún laptop tó wá lo wáyà fóònù, 60 W náà ló máa rí gbà.

Fóònù mi bọ́ sómi. Ṣé kí n kó o sínú ìrẹsì?

Rárá. Ìrẹsì kì í fa omi tó wà nínú fóònù jáde ju afẹ́fẹ́ lọ, èérún rẹ̀ sì ń wọ inú ihò. Apple gan-an kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo iPhone pé kí wọ́n má ṣe é. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ yọ àwo SIM, ẹ gbọn omi ihò dànù, kí ẹ gbé e síwájú fáànù fún wákàtí 24 sí 48, ihò rẹ̀ ní kó kọjú sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò dára. Ooru rẹ̀ ń yọ́ gọ́ọ̀mù, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń ti omi wọ inú lọ.

Omi nìkan kọ́ ló ń pa fóònù, omi àti iná nígbà kan náà ni. Bí iná bá ń kọjá nínú omi, ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ omi òkun, ọbẹ̀ tàbí omi ọṣẹ ló bọ́ sí, ẹ má dúró dìgbà tó máa gbẹ: ẹ gbé e fún ẹni tó máa ṣí i, tó máa fi alcohol fọ motherboard rẹ̀ lọ́jọ́ náà. IP68 tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé omi kì í wọ̀ ọ́, omi tútù tó mọ́ ni wọ́n fi dán an wò, fóònù tuntun sì ni. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí rí, ẹ kà á sí èyí tí kò ní in.

Bátìrì fóònù mi ti wú, ó ti ń ti ojú rẹ̀ sókè. Ṣé mo ṣì lè lò ó dìgbà tí owó bá wọlé?

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ló kún inú bátìrì yẹn. Ẹ pa fóònù, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀, ẹ má sì gún un pé kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ kankéré tàbí sínú ìkòkò tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, níbi tí kò sí aṣọ àti bébà, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ á fi yọ ọ́. Orí ààtàn kọ́ ni ibi tó ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá bátìrì ti tó pààrọ̀, láìṣe pé ẹnì kan fẹ́ tà á fún mi?

Fún laptop, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, Windows á sì kọ ìròyìn sínú fáìlì kan. Ẹ wo nọ́ńbà méjì: Design Capacity, ìyẹn iye tó gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, iye tó ń gbà báyìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 mWh tí èkejì sì ti di 27,000, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ló kù. Bí ó bá ṣì jẹ́ 44,000 tí kò sì lò pẹ́, bátìrì kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń jẹ iná.

Lórí iPhone, inú Settings, Battery ni Battery Health wà. Apple ṣe bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó ṣì ní 80% lẹ́yìn ìyípo 500. Láti iPhone 15, ó di 1000. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ooru ni ẹ máa sá fún jù lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ má máa fi í sílẹ̀ ní 100% látàárọ̀ dalẹ́. Pé kí ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó fi iná sí i, bátìrì ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Lithium kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Laptop mi ń gbóná, ó ń pariwo, ó sì ń pa ara rẹ̀.

CPU máa ń dín eré rẹ̀ kù bí ooru bá dé 95 sí 100°C, bí ó bá sì kọjá ìyẹn, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Bí ẹ bá ṣí ìdí rẹ̀, ẹ má wo orí fáànù nìkan. Láàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ tó rí bí ìyarun, ẹ máa bá eruku tó ti lẹ̀ pọ̀ bí búláńkẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Fáànù tí afẹ́fẹ́ agolo bá gbá yí ní àyíjù lè bàjẹ́.

Thermal paste, ọ̀rá tó ń gbé ooru CPU lọ sára irin, sábà máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pẹ̀lú alcohol, kí ẹ fi tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan sáàárín CPU. Ti laptop tí CPU rẹ̀ kéré kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹ dé súkúrù rẹ̀ ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ pẹlẹbẹ (thermal pad) tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn kò ṣeé fi paste rọ́pò, torí àlàfo tó ń dí nípọn ju ohun tí paste lè dí.

SSD wo ló bá tèmi mu?

M.2 jẹ́ orúkọ ìrísí, kì í ṣe orúkọ eré. SSD pẹlẹbẹ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè jẹ́ SATA, ọ̀nà àtijọ́ tí dísìkì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tí kò ní ju nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè jẹ́ NVMe, ọ̀nà tó yá jù, tó ń ka nǹkan bí 3,500 lórí PCIe 3.0 (PCIe ni ojú ọ̀nà tó gbà kọjá lórí motherboard) àti nǹkan bí 7,000 lórí 4.0. Ihò tó ń gba SATA nìkan kò ní rí NVMe rárá, bó tilẹ̀ wọlé. Ẹ ka ìwé motherboard tàbí ti laptop yín. Nọ́ńbà 2280 túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ ní mílímítà 22, ó sì gùn ní 80. 2242 àti 2230 kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Laptop àtijọ́ tó ní háàdì dísìkì, SSD 2.5 inch ti SATA ló ń gba ipò rẹ̀ tààrà, súkúrù kan náà. Ẹ má san owó 4.0 sórí ihò 3.0, torí 3.0 ló máa sá. Kódà níbi tí méjèèjì ti ṣeé lò, ẹni tó ń tẹ ìwé tó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ṣé mo lè kó Windows mi lọ sórí SSD tuntun bó ṣe wà?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi wáyà USB sí SATA, tàbí àpótí kékeré oní-USB tí wọ́n ń fi NVMe sí, so SSD mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi Clonezilla, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí ètò tí ilé-iṣẹ́ SSD náà fún yín ṣe ẹ̀dà gbogbo dísìkì. Clonezilla kì í fẹ́ da dísìkì ńlá sórí kékeré bí ẹ kò bá kọ́kọ́ dín ìpín rẹ̀ kù, nítorí náà ó rọrùn jù kí tuntun má kéré ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ wo orúkọ dísìkì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ y. Ibi tí èyí tó ṣófo ti di orísun, tí fáìlì ọdún mẹ́wàá sì di òfìfo, ibẹ̀ yẹn ni.

Lẹ́yìn ẹ̀dà, ẹ yọ dísìkì àtijọ́ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kíní. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, Windows kò sì fẹ́ràn ìbejì. Ẹ fi ti àtijọ́ pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ fi Windows sí SSD tuntun, ó ní òun ò rí dísìkì kankan.

Nínú laptop Intel tó jáde láti bíi 2020, VMD, ètò Intel tó ń bójú tó dísìkì, ló sábà máa ń fà á. Ọ̀nà kan ni pé kí ẹ gba ètò Intel RST láti ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop náà, ẹ tú u sórí fláàṣì, kí ẹ tẹ Load driver lórí ojú ìwé tí Windows ti ní kí ẹ yan dísìkì. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ pa VMD nínú BIOS. Ẹ̀kejì yìí dára bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí Windows bá ti wà lórí rẹ̀ tí ẹ wá pa VMD, INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE ni ẹ máa rí. Ẹ tan VMD padà, á jí.

Háàdì dísìkì mi ń dún kọ́-kọ́-kọ́.

Ẹ pa á báyìí. Orí tó ń kà á kò rí ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ó sì lè máa ha ojú àwo náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí fáìlì tí ẹ kò lè fi ṣeré bá wà níbẹ̀, ẹ má tàn án mọ́ rárá, ẹ gbé e fún àwọn tó ń yọ fáìlì nínú dísìkì tó kú. Ti pé kí ẹ gbé e sínú fìrísà, ẹ gbàgbé ẹ̀: omi á sẹ̀ sórí àwo.

Bí kò bá tíì dún ṣùgbọ́n tí ẹ fura, CrystalDiskInfo á fi SMART rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera dísìkì, hàn yín. Ẹ wo 05, Reallocated Sectors, àti C5, Current Pending Sector. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ju òfo lọ tó sì ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ kó fáìlì yín jáde lónìí. SSD kò ní ariwo tó fi ń kìlọ̀, fáìlì tí ẹ bá sì parẹ́ lórí rẹ̀ kì í sábà ṣeé yọ padà, torí TRIM, ètò tó ń gbá àyè fáìlì tí ẹ pa rẹ́ mọ́, ti gbá a kúrò.

Fóònù ní òun ní 8 GB RAM àti 8 GB mìíràn tí a fi kún un. Ṣé òótọ́ ni?

8 GB ni. Ìyókù jẹ́ àyè tí wọ́n gé nínú ibi tí ẹ ń kó fọ́tò sí, wọ́n sì ń fi áàpù tí ẹ kò lò pa mọ́ síbẹ̀. Ibi náà fà gan-an ju RAM lọ. Ẹ pa á bí fóònù bá ti fẹ́ kún. Fóònù tí kò ní ju 10% àyè lọ á máa fà lọ́nàkọnà. RAM gidi ti wà mọ́ motherboard fóònù, kò sẹ́ni tó máa fi kún un fún yín.

Memory card 1 TB tí mo rà, fọ́tò inú rẹ̀ kò ṣí.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú. 32 tàbí 64 GB ló sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀, wọ́n kàn kọ́ ọ láti pa irọ́ fún fóònù. Bí ẹ bá ti kọ ju ìyẹn lọ, á máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Orúkọ fáìlì á wà, inú rẹ̀ á ṣófo. H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux àti Mac á kún un dẹ́nu, á sì kà á padà. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, ẹ dá a padà, ẹ má gbìyànjú àtúnṣe. Fún fóònù, ẹ wá A1 tàbí A2 lára káàdì, torí áàpù nílò fáìlì kéékèèké tó yá.

Wọ́n pààrọ̀ ojú fóònù mi, ibi tí mo ń fi ìka ṣí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Bí ìka bá ń wọlé láti abẹ́ ojú rẹ̀, irú ojú tí wọ́n ń pè ní OLED ni fóònù náà ní. Ìmọ́lẹ̀ gba inú OLED kọjá dé ibi tí wọ́n ti ń ka ìka. LCD, irú ojú kejì, ní ìwé ìmọ́lẹ̀ tó dí ibẹ̀ pa. Ẹni tó fi LCD sí i ti gba owó tó kéré, ó sì gba ìka lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ OLED ni, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò bóyá ó ní ètò tí ẹ fi ń tún ìka kọ́ fóònù, kí ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́. Láti iPhone 11, iPhone máa ń fi ọ̀rọ̀ hàn bí ojú rẹ̀ kì í bá ṣe ti Apple, True Tone, ètò tó ń mú àwọ̀ ojú rẹ̀ bá ìmọ́lẹ̀ ibi tí ẹ wà mu, náà sì lè lọ.

Mo fi káàdì àwòrán tuntun sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kò sí àwòrán, tàbí ó ń kú bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wáyà ojú kọ̀ǹpútà wọ̀. Bí ihò motherboard ló wọ̀, ẹ gbé e lọ sí ihò káàdì. Bí ìyẹn ṣe rọrùn tó, ọ̀pọ̀ àwọn tó béèrè ni ó ń tú sílẹ̀.

Tó bá ń kú lábẹ́ iṣẹ́, iná ni. Ihò PCIe ń fún káàdì ní 75 W, wáyà ẹsẹ̀ 6 ń fún un ní 75 W, ẹsẹ̀ 8 ní 150 W. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ fi ti CPU kún un, kí ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé e lórí, kí ẹ wá wo iye tó wà lára àpótí iná. Wáyà ẹsẹ̀ 16 ti àwọn káàdì tuntun gbọ́dọ̀ wọlé tán pátápátá. Èyí tí kò wọlé tán ti yọ́ lára ọ̀pọ̀ káàdì. Àpótí iná fúnra rẹ̀, ẹ má ṣí i. Nǹkan tó pa iná mọ́ nínú rẹ̀ lè gbá yín kódà tí wáyà bá ti kúrò.

Kọ̀ǹpútà mi kò gba Windows 11, Windows 10 sì ti dópin.

Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́), UEFI (BIOS ìgbàlódé) tó ní Secure Boot, 4 GB RAM, 64 GB àyè, àti CPU tí kò ju àkókò kan lọ: Intel ìran kẹjọ tàbí Ryzen 2000 sókè, díẹ̀ ló yọ kúrò nínú òfin yìí. Ẹ tẹ tpm.msc. Bí ó bá ní kò sí, ẹ lọ sínú BIOS, ẹ wá PTT fún Intel tàbí fTPM fún AMD. Ọ̀pọ̀ ló ní in, wọ́n kàn pa á ni.

Bí dísìkì bá ṣì jẹ́ MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín dísìkì, kọ̀ǹpútà kò ní tàn lórí UEFI. Ẹ tẹ mbr2gpt /validate /allowFullOS kí ẹ tó yí nǹkan kan nínú BIOS. Bí ó bá gbà, ẹ fi /convert rọ́pò /validate. Kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS rárá, ẹ wò bóyá BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà lórí rẹ̀. Bí ó bá wà, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ kan tó ní nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín nígbà tó bá tún tàn. Ó sábà máa ń wà nínú àkántì Microsoft yín. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú búlúù ń yọ, ìgbà kan wọ́n ní RAM, ìgbà kan wọ́n ní dírafà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Bí orúkọ àṣìṣe bá ń yí padà lójoojúmọ́, RAM ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi MemTest86 sórí fláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó rìn yípo mẹ́rin, èyí tó lè gba gbogbo òru. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Kí ẹ tó ju RAM nù, ẹ pa XMP, ètò tó ń mú RAM sáré sí i, nínú BIOS, ẹ tún dán an wò: RAM tó dára lè máa kùnà nítorí pé wọ́n ń sá a ju bí motherboard ṣe lè gbé lọ.

Bí RAM bá yè, ẹ wo SMART dísìkì, lẹ́yìn náà ooru, lẹ́yìn náà àpótí iná. Bí gbogbo wọn bá yè, ẹ wá fi sfc /scannow wo Windows fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ pa Windows rẹ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Bí RAM bá ti bàjẹ́, fáìlì tuntun yẹn náà á bàjẹ́ nígbà tó ń wọlé, á wá dà bíi pé Windows ló ní àrùn.

Fóònù àlòkù tí mo rà ń béèrè àkántì ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀.

Láti Android 5.1, bí ẹnì kan bá pa fóònù rẹ́ láìyọ àkántì Google rẹ̀ kúrò nínú Settings, fóònù á dúró dè é. Ti iPhone ti wà láti iOS 7. Kò sí ohun tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè fi yanjú rẹ̀ tó máa dúró. Ọ̀nà àbùjá tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, àtúnṣe tó kàn á dí i. Ẹ bẹ ẹni tó tà á kó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, tàbí kó yọ fóònù náà kúrò nínú iCloud láti ibi tó wà. Bí kò bá ṣe é, ẹ gba owó yín padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa á rẹ́ lójú yín, kí ó sì tan án padà dé ibi tí ó ti ń kí yín káàbọ̀ láìbéèrè àkántì kankan. Ẹ tẹ *#06# pẹ̀lú, kí ẹ fi IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó jáde wé èyí tó wà lára páálí.